Ohun Tó Ń Parí Iyàn Àwọn Olólùfẹ́ Kọ̀ǹpútà

Iyàn jíjà jẹ́ ara ohun tí àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà, géèmù àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń mọ ara wọn. Wọ́n ń jiyàn lórí ètò tó dára jù láti fi kọ kóòdù, lórí ṣíìpù tó yára jù, lórí géèmù tó dùn jù, lórí ohun tó yẹ kí á máa pè ní pílánẹ́ẹ̀tì, àti lórí ẹni tó láṣẹ lórí ètò tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1980, Danny Cohen, tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Gúúsù California, kọ àpilẹ̀kọ kan níbi tó ti pe irú ìjà báyìí ní ogun ẹ̀sìn, tó sì bẹ àwọn tó ń jà kí wọ́n dá idà padà sínú àkọ̀.

Ohun tó dìjà nígbà náà kéré lójú ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá gùn ju ohun tí àyè kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà lè gbà, ṣé orí rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tò ni, àbí ìdí rẹ̀? Cohen yá orúkọ fún ẹgbẹ́ méjèèjì láti inú ìtàn Gulliver tí Jonathan Swift kọ ní ọdún 1726, níbi tí ìlú méjì ti ń bá ara wọn jagun lórí ibi tó yẹ kí á ti fọ́ ẹyin. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjèèjì dára, àìfohùnṣọ̀kan ló burú. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí títí dòní: orí ni òfin íntánẹ́ẹ̀tì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ìdí ni ṣíìpù Intel ń kọ́kọ́ tò, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ń yí nọ́ńbà padà fúnra rẹ̀ kó tó fi í sọ́nà. Àdéhùn ló parí ìjà yẹn. Ẹgbẹ́ kankan kò fi ẹnu borí èkejì.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n, àwọn iyàn yìí sì fi èyí hàn dáadáa. Èyí tó ní òṣùwọ̀n máa ń parí, ì báà pẹ́ títí. Èyí tí kò ní òṣùwọ̀n máa ń di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ìfẹ́, ọmọ á sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Irú kan sì tún wà tó wúwo ju méjèèjì lọ, tó dá lórí ẹni tó láṣẹ, èyí tí kì í parí àyàfi níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe òfin.

Nínú àwọn tí kò ní òṣùwọ̀n, ti vi àti Emacs ló lókìkí jù. Ètò méjì tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ọdún kan náà, 1976, ni wọ́n jáde: Bill Joy kọ vi ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, Richard Stallman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kó Emacs jọ ní MIT. Vi kéré, ó sì yá, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó kì í kúrò lórí kíbọọ̀dù. Emacs tóbi, ẹni tó ń lò ó lè tún un ṣe bó ṣe wù ú, débi pé àwọn kan ń ka lẹ́tà nínú rẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti mọ ọ̀kan lára lára kì í fẹ́ ṣí lọ sí èkejì, nítorí náà ìrírí ẹnìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tó yẹ kí á rántí jù nínú ìtàn yìí wà lẹ́yìn iyàn náà: Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tún vi kọ, ó sọ ọ́ ní Vim ní ọdún 1991, ó sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ó kàn bẹ ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ pé kó ran àwọn ọmọdé Kibaale ní Uganda lọ́wọ́. Ó ń bá iṣẹ́ náà lọ títí tó fi kú ní ọdún 2023. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kò lo èyíkéyìí nínú méjèèjì. VS Code tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2015 ni wọ́n ń lò.

Ìjà tó ní ẹ̀kọ́ jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1992. Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, ti kọ Minix ní ọdún 1987 láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, lo Minix, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 pé òun ń kọ tòun. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Tanenbaum kọ̀wé ní gbangba pé Linux ti di ohun àtijọ́ kó tó dàgbà.

Kernel ni wọ́n ń jà lé lórí, ìyẹn apá ètò tó ń pín àyè, àkókò àti ohun èlò fún gbogbo ètò yòókù. Ìlànà tí Tanenbaum fara mọ́ ni kí kernel kéré débi tó bá lè kéré dé, kí iṣẹ́ dísìkì, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ti ìyókù wà níta, kí oníkálukú ní yàrá tirẹ̀. Bí iná bá ran yàrá kan, àwọn tó kù yóò dúró. Linux kó gbogbo wọn sínú yàrá ńlá kan: ọ̀rọ̀ ń tètè dé ọ̀dọ̀ ara wọn, ṣùgbọ́n iná kan lè jó gbogbo ilé. Tanenbaum ní àwọn tó mọ iṣẹ́ ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, pé ẹ̀yìn ni Torvalds ń rìn sí. Ó ní Linux tún so mọ́ ṣíìpù Intel 386 jù, bẹ́ẹ̀ ṣíìpù ọ̀hún kò ní pẹ́ wábi gbà. Ó sọ fún ọmọkùnrin náà pé kó máa dúpẹ́ pé òun kọ́ ni olùkọ́ rẹ̀, nítorí òun kò ní fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì gidi. Torvalds náà fi ìbínú fèsì, ó tọ́ka sí àléébù Minix, ó sì ní owó ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, nínú èsì yẹn kan náà, ó gbà pé ìlànà Tanenbaum ló lẹ́wà jù tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì fún bí ẹnu rẹ̀ ṣe le tó.

Èwo nínú wọn ló jàre? Bó bá jẹ́ ìlò ni òṣùwọ̀n, Torvalds ló jàre láìsí àní-àní. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, Linux ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé. Kernel Linux ló wà nínú Android, ìyẹn ni pé òun ló wà nínú púpọ̀ jù nínú fóònù tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà. GNU Hurd, tí àwọn kan retí pé yóò fi hàn pé kernel kékeré ló dára, kò tíì dé ẹ̀dà kìíní tó pé látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ààbò ni òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ yí padà. QNX, tó ní kernel kékeré, wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí níbẹ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni yóò lọ sí i bí gbogbo ilé bá jó. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Australia fi ìṣirò jẹ́rìí pé kóòdù kernel kékeré kan, seL4, ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣeé ṣe fún ètò tó tóbi tó Linux. Minix pàápàá kò kú: ní ọdún 2017, ó hàn sí gbogbo ayé pé Intel ti fi í sínú apá kan ṣíìpù rẹ̀ tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà láti abẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ Tanenbaum fúnra rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bó ṣe gbilẹ̀ tó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin méjì yìí ń wọ̀n, tí wọ́n sì rò pé ọ̀kan ni. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú irú iyàn báyìí, òun náà ló sì ń mú kí ó pẹ́.

Òṣùwọ̀n pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iye bit ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ géèmù fi ń polówó, bí ẹni pé ẹ̀rọ 64 gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po mẹ́rin dára ju ẹ̀rọ 16 lọ. Atari polówó Jaguar rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1993. Ẹ̀rọ náà kò tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìran gigahertz dé, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye ìgbésẹ̀ tí ṣíìpù ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Intel gbé Pentium 4 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, wọ́n sì ṣe é kí nọ́ńbà rẹ̀ lè máa gòkè ṣáá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré sí ti Pentium III tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ sì ń borí tuntun lórí àwọn iṣẹ́ kan. Àwọn olólùfẹ́ Apple tó ń pariwo nígbà náà pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ ṣíìpù sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ wọn náà ní ọjà tirẹ̀ láti tà. Ooru ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2004, Intel fagi lé Pentium 4 oní-gigahertz mẹ́rin, ìgbà tó sì fi máa di ọdún 2006, Core 2 tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ti ń sáré jù ú lọ. Fóònù kò gbẹ́yìn nínú irú ìtànjẹ yìí: ní ọdún 2013, àwọn aṣàyẹ̀wò rí i pé Galaxy S4 ti Samsung ń mú eré rẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tó bá mọ̀ pé ètò ìdánwò ni wọ́n ṣí lórí òun.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nípa iyàn tí òṣùwọ̀n parí ni ti àbùkù Pentium ní ọdún 1994. Thomas Nicely, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Lynchburg College ní Virginia, rí i pé ṣíìpù náà ń ṣi ìṣirò pín nígbà mìíràn. Intel ní ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀nba kò ní bá àṣìṣe náà pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọdún 27,000. IBM ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó ní ó lè ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ 24. Àlàfo yìí tóbi, ó sì wá láti inú ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rò pé àwọn ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn tó mọ ìṣirò kò dákẹ́, ìwé ìròyìn gbé e, ní oṣù kejìlá ọdún yẹn Intel sì gbà láti pààrọ̀ ṣíìpù fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ni ó ná wọn. Níhìn-ín, ariwo àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo aráyé láǹfààní, nítorí pé ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe nílé ló wà nídìí rẹ̀.

Iyàn géèmù yàtọ̀, nítorí pé adùn ni wọ́n ń wọ̀n, adùn kò sì ní ìwọ̀n. Sega àti Nintendo sọ ọ́ di ìjà ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Mortal Kombat jáde sórí ẹ̀rọ àwọn méjèèjì ní ọdún 1993, Nintendo sọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ di òógùn, Sega sì jẹ́ kí ẹni tó bá mọ bọ́tìnì tí yóò tẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ti Sega ló tà jù. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ìwádìí tí Joe Lieberman àti Herb Kohl darí sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe géèmù dá ESRB sílẹ̀ ní ọdún 1994 láti máa fi ọjọ́ orí sára páálí géèmù. Sega fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣíṣe sílẹ̀ ní ọdún 2001. Àmì ọjọ́ orí ṣì wà.

Ní Nàìjíríà, ti FIFA àti Winning Eleven, tí wọ́n tún ń pè ní PES, ni wọ́n jà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé géèmù. EA ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe FIFA ní ọdún 1993, Konami ti Japan ló ṣe èkejì. Àwọn tó fẹ́ràn FIFA a máa ní òun ló ní orúkọ ẹgbẹ́, aṣọ àti pápá gidi. Àwọn tó fẹ́ràn PES a ní ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ló ṣe pàtàkì, kódà bí Liverpool bá ń jẹ́ Merseyside Red tí Chelsea sì ń jẹ́ London FC. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló sọ òótọ́. Lásìkò PlayStation 2, PES ló sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an jù. Ṣùgbọ́n owó ló ń ra orúkọ, EA ló sì lówó. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Konami gbé eFootball jáde dípò PES, ó kún fún àbùkù, wọ́n sì ní láti bẹ àwọn oníbàárà wọn. EA náà àti àjọ FIFA pínyà lórí owó, tó fi jẹ́ pé láti ọdún 2023 ni géèmù tó borí ti ń jẹ́ EA Sports FC.

Bóyá géèmù jẹ́ iṣẹ́ ọnà tún jẹ́ iyàn mìíràn. Roger Ebert, gbajúmọ̀ alárìíwísí fíìmù ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 2010 pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó gbà pé kò yẹ kí òun sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òun kò tíì ta fúnra òun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York ra géèmù 14 sínú àkójọ rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tí kò bá ta géèmù kò rí ohun tó ń dá lẹ́jọ́.

Nínú sáyẹ́ǹsì, ti Pluto ló gbóná jù. Clyde Tombaugh rí i ní oṣù kejì ọdún 1930, ó sì jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án fún ọdún 76. Nígbà tí Mike Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Eris ní ọdún 2005, tí títóbi rẹ̀ sún mọ́ ti Pluto, ó di dandan kí wọ́n yàn: yálà kí pílánẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí i, tàbí kí Pluto jáde. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2006 ni àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé dìbò ní Prague. Wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn po, kó rí roboto nítorí ìwúwo ara rẹ̀, kó sì ti gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Pluto kùnà èyí tó gbẹ̀yìn. Ènìyàn 424 péré ló dìbò nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ náà, Alan Stern tó darí ọkọ̀ òfuurufú New Horizons lọ síbẹ̀ kò sì gbà á títí dòní. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto ní oṣù keje ọdún 2015, òkè omi dídì àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ nitrogen ni ó rí níbẹ̀, ohun tí ìbò kankan kò lè fi kún, tí kò sì lè yọ kúrò.

Iyàn lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ ṣe àwọn onímọ̀ léṣe ju ti Pluto lọ. Frank Rosenblatt gbé Perceptron rẹ̀ jáde ní ọdún 1958, ẹ̀rọ tó fi bí iṣan ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ọdún 1969, Marvin Minsky àti Seymour Papert fi ìṣirò hàn pé ìpele kan ṣoṣo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè yanjú àwọn ìṣòro kéékèèké kan. Ìṣirò wọn pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ kà á sí ìdájọ́ lórí gbogbo ọ̀nà náà, owó ìwádìí sì gbẹ. Àwọn díẹ̀ ló tẹra mọ́ ọn, Geoffrey Hinton wà lára wọn. Ní ọdún 2012, ètò tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì kọ mú àṣìṣe nínú ìdíje mímọ àwòrán wá sí ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ẹni kejì wà ní 26.2. Káàdì méjì tí wọ́n ṣe fún títa géèmù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Hinton àti John Hopfield gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2024. Bóyá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní òye ni wọ́n ń jà lé lórí báyìí, òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn gbà kò sì sí níbẹ̀, nítorí náà iyàn yẹn kò ní tètè parí.

Ó ku èyí tó wúwo jù, tó dá lórí ẹni tó láṣẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1976, Bill Gates kọ lẹ́tà sí àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà pé olè ni ẹni tó bá da ètò BASIC rẹ̀ kọ láìsanwó. Ní ọdún 1983, Richard Stallman kéde òdìkejì: ó ní ẹni tó ń lo ètò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kà á, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún aládùúgbò rẹ̀. Ìwé àdéhùn GPL tó ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 1989 sọ èrò náà di òfin tó ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1998, àwọn kan yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kúrò níwájú, wọ́n ní àǹfààní iṣẹ́ ni kí wọ́n máa polówó. Ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ́wọ́ gbà á: Steve Ballmer ti Microsoft fi Linux wé àrùn jẹjẹrẹ ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ kan náà sì san bílíọ̀nù 7.5 dọ́là ní ọdún 2018 ra GitHub, ibi tí wọ́n ń kó irú kóòdù bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí. Kóòdù tó ṣí sílẹ̀ ti gbilẹ̀ káàkiri. Ẹ̀tọ́ tí Stallman ń jà fún kò gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tó ní Linux nínú kò gba ẹni tó rà á láyè láti yí i padà.

Ìjà lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà wà nínú irú yìí, ó sì kan ẹni tó ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fún àwọn lẹ́tà èdè Vietnam tó ní àmì méjì papọ̀ ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Ẹ, ọ àti ṣ náà ní nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, nọ́ńbà méjì ni. Àwọn kan béèrè pé kí wọ́n fún Yorùbá ní tirẹ̀ ní ẹyọ kan. Àwọn tó ń darí Unicode ní ohun tí a lè fi àmì tó wà nílẹ̀ kọ kò nílò nọ́ńbà tuntun, pé fọ́ǹtì àti kíbọọ̀dù ló yẹ kí ó sàn sí i. Ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àlàyé wọn dúró: nọ́ńbà tuntun ì bá mú kí ọ̀rọ̀ kan náà ní ìrísí púpọ̀ sí i nínú ẹ̀rọ, wíwá ọ̀rọ̀ ì bá sì tún le sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó pẹ́ dé ibi ìpàdé ló san gbèsè àdéhùn náà, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àmì ohùn ń jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ibi ìpàdé yẹn kò tíì tì. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ àbá ránṣẹ́ sí Unicode, àkójọ CLDR tí àwọn tó ń ṣe fóònù ti ń mú orúkọ oṣù, ọjọ́ àti orílẹ̀-èdè ní èdè kọ̀ọ̀kan sì ní àyè fún Yorùbá Nàìjíríà, ó tún ní òmíràn fún ti orílẹ̀-èdè Benin tó ń fi ɛ àti ɔ kọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó mọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fi òru jiyàn lórí Android àti iPhone, yọjú síbẹ̀.